Àyà Tí Mo Fi Jẹ́látìn Mọ

Inú ṣì ń bí mi. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé kí n gbàgbé, kó kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ná.

Àyà èèyàn ni mò ń mọ ní yàrá ìṣèwádìí wa ní Maiduguri. Màá se jẹ́látìn pọ̀ mọ́ òróró ẹ̀pà, ṣúgà àti iyọ̀, màá dà á sínú ike kó dì. Ìyẹn ni ẹran ara. Fóòmù ìrọ̀rí ni ẹ̀dọ̀fóró, nítorí afẹ́fẹ́ ló kún inú rẹ̀. Màá wá fi jẹ́látìn tó lómi dáadáa ṣe kókó kékeré bíi ti àrùn, màá fi í pamọ́ sínú fóòmù. Antẹ́nà tó yí àyà náà ká á máa rán ìgbì sí i, irú èyí tí fóònù ń lò, kọ̀ǹpútà á sì fi ohun tó bá ta padà ya àwòrán. Ibi tí omi bá pọ̀ sí ló máa ń pọ́n. Nígbà mìíràn a máa ń rí kókó náà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a kì í rí i.

Ẹnu mi ló kó bá mi. Alhaja kan ń ta aṣọ ní Monday Market, ọmọ Ọ̀fà tí wọ́n bí síbí, tí mo máa ń pè ní ìyá, tó máa ń fi Hausa bú mi bí mo bá nájà ju bó ṣe yẹ lọ. Láti ìgbà ọyẹ́ ló ti ń wúkọ́. Níbi tí mo ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ ya àwòrán àyà ní ọsibítù, mo fi iṣẹ́ mi yangàn.

Ó ní, "To, ẹ̀rọ tìẹ náà ń wo àyà? Kí n kúkú wá sọ́dọ̀ ọmọ mi."

Mo ní ẹ̀rọ wa ò tíì wo èèyàn rí. Ó rò pé ahun ni mò ń ṣe. Ọjọ́ tí àwọn àlejò wá wo iṣẹ́ wa gan-an ló sọ̀ kalẹ̀ nínú kéké lẹ́nu ọ̀nà wa.

Ọ̀gá wa, Yorùbá bíi tèmi, yọ̀ mọ́ ọn. Ó gbé e jókòó sáàárín àwọn antẹ́nà níwájú àlejò. Àwòrán jáde, ó dúdú látòkè délẹ̀, kò síbi tó pọ́n. Ọ̀gá ní,

"Alhaja, àyà yín mọ́ tónítóní! Ẹ lọ sinmi nílé."

Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Alhaja gbọ́wọ́ sókè, ó ní, "Alhamdulillahi."

Èmi ńkọ́? Mo wo ilẹ̀. Ọ̀gá dàgbà ju bàbá mi lọ, a kì í já àgbà nírọ́ lójú àlejò. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Tiwa wà níbẹ̀, òun gan-an ló wọ́ ọ. Nígbà tí àlejò lọ, mo bá a ní ọ́fíìsì.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, jẹ́látìn nìkan ni ẹ̀rọ yẹn mọ̀."

"Inú ìyá náà dùn, inú àlejò dùn. Kí lo tún fẹ́?"

Ọjọ́ kejì ní ọjà, Alhaja ní òun ò lọ sí ọsibítù mọ́. Mo padà lọ gbé àyà kan nínú fíríìjì, mo fi yìnyín yí i ká, mo wọ kéké. Nígbà tí mo fi dé ìsọ̀ rẹ̀, oòrùn ti ń mú un làágùn. Mo gbé e sórí káńtà, mo fi àwòrán tí ẹ̀rọ wa ti yà nípa rẹ̀ han Alhaja.

"Kí lẹ rí?"

"Ba komai, kò sí nǹkan kan. Ó mọ́ bíi tèmi."

Mo gba sísọ́ọ̀sì tó fi ń gé aṣọ, mo la fóòmù náà níwájú rẹ̀. Kókó yí jáde sórí káńtà, ó tó hóró ẹ̀pà méjì. Alhaja fi ìka kàn án. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Ó ní, "O wà níbẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó so ìbòrí rẹ̀, ó sọ fún aládùúgbò kó bá òun ṣọ́ ọjà, ó dá kéké dúró, ó ní kó gbé òun lọ sí ọsibítù. Mo fẹ́ bá a wọ kéké náà, ó fọwọ́ dá mi dúró.

"Ọ̀gá yín ò mọ̀ mí rí. Ìwọ lò ń pè mí ní ìyá."