Yàrá Mẹ́ta Láàárín Oṣù Mẹ́rin

Iṣẹ́ mi ní yunifásítì ni láti ba eku nínú jẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó jẹ́ ọ̀gá mi kò ní pè é bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí wọ́n fún iṣẹ́ náà gùn ju ìrù eku lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí mò ń ṣe nìyẹn. Lónìí, mo da omi sí ibùsùn eku. Lọ́la, mo gbé ilé rẹ̀ dagun. Lọ́tùnla, mo gbé e lọ sílé eku tí kò mọ̀ rí. Kò sí èyí tó lè pa á nínú wọn. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé kò gbọdọ̀ mọ èyí tó kàn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, a ó gbé ìgò méjì síwájú rẹ̀: omi lásán àti omi ṣúgà. Eku tí ara rẹ̀ dá á sáré sí ṣúgà. Èyí tí ọkàn rẹ̀ ti gbọgbẹ́ á mu èyí tó bá ṣáà ti sún mọ́ ọn. Nígbà náà la ó pa á, a ó sì yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò. Èròjà tí ara ń tú jáde nígbà ìpayà ti kọ̀, kò lọ mọ́. Èyí tó ń bọ́ ọpọlọ bí ajílẹ̀ ṣe ń bọ́ ilẹ̀ ti ń gbẹ. Mo lè dijú ya àwòrán gbogbo ọ̀nà tó ń gbà ṣẹlẹ̀.

Ẹnu iṣẹ́ yìí ni mo wà tí bàbá mi fi kú. Màámi ṣe opó ní agboolé wa l'Ẹ́dẹ, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Opó kì í kúrò nílé ọkọ. Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi tó di olórí ilé, mọ òfin yẹn dáadáa, nítorí náà inú ilé ni wọ́n ti ń kó Màámi kiri. Àwọn àgbà ilé fẹ́ máa ṣèpàdé ní yàrá Màámi, wọ́n gbé Màámi lọ sí yàrá ẹ̀bá kànga, níbi tí òjò ti ń jò lé wọn lórí. Ọmọ Bàbá Kékeré gbé ìyàwó dé láti Èkó, wọ́n tún gbé Màámi kúrò níbẹ̀ lọ sí yàrá tí à ń kó àgbàdo sí.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo máa ń wá. Bàbá Kékeré á rí mi lẹ́nu ọ̀nà.

"Dókítà eku! Àwọn aláìsàn ńkọ́?"

"Wọ́n ń kí yín, sà."

"Máa rọra pa wọ́n o. Ìyá rẹ wà nínú ilé. Obìnrin onísùúrù! A gbé e síhìn-ín, kò sọ̀rọ̀. A gbé e sọ́hùn-ún, kò sọ̀rọ̀."

Gbogbo ìyàwó ilé ni wọ́n ń fi sùúrù Màámi bá wí. Èmi náà ń yangàn.

Bàbá mi a máa fi Màámi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ògì ni wọ́n ń bù sínú ṣúgà. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, mo bá wọn tí wọ́n ń mu ògì lásán.

"Màámi, ṣúgà dà?"

"Bákan náà ni gbogbo rẹ̀."

Mo yìn wọ́n. Mo ní ṣúgà ò dára fún àgbàlagbà. Lọ́jọ́ kejì, mo dé láàbù, mo rí eku kan tí kò mọ ìyàtọ̀ ìgò méjèèjì mọ́, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé mi pé ó ti ṣetán.

Ọjọ́ tí opó parí, ẹ̀gbọ́n Màámi obìnrin, tó ń ta iṣu ní Sẹkọna, wá wẹ̀ wọ́n. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n Màámi jáde, wọ́n pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìwọ tí o kàwé, ìgbà wo lo gbọ́ ẹ̀rín ìyá rẹ kẹ́yìn?"

Wọ́n nawọ́ sí yàrá àgbàdo náà.

"Ó bi mí pé kí ni mò ń wẹ òun fún. Ẹ̀yin ń pè é ní sùúrù! Ẹ ti pa á sórí ìjókòó."

Mo gba yàrá kan fún Màámi nítòsí yunifásítì, mo bá wọn gba ọjọ́ lọ́dọ̀ dókítà, mo háyà mọ́tò. Lójú ọ̀nà ni mo ti ń to ẹ̀bẹ̀ tí n ó bẹ̀ wọ́n, torí Màámi tí mo mọ̀ kò ní gbà láti fi ilé ọkọ wọn sílẹ̀. Mò ń gbàdúrà kí wọ́n bá mi jà.

"Màámi, mo wá mú yín."

Wọ́n dìde kí n tó sọ ìyókù. Wọ́n ká ẹní, wọ́n fi há abíyá, wọ́n wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Wọn kò bèèrè ibi tí à ń lọ.