Apakuki Ò Jẹun, Tíì Ló Mu

Nígbà tí pásítọ̀ tuntun dé sí Navatuloa, abúlé wa létí òkun, Apakuki ni wọ́n ní kó gbàdúrà sí oúnjẹ. Ó dìde, ó wo orí ẹní tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀: búrẹ́dì, bọ́tà, babakau, ìyẹn ìyẹ̀fun pípò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dín tán, àti ìkòkò tíì ńlá kan. Ó wá oúnjẹ títí, kò rí i. Ló bá kéde pé, "Ẹ̀yin ará, kò sí oúnjẹ níbí tí a lè gbàdúrà sí. Ẹ jẹ́ ká máa mu tíì." Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín, àwọn àgbà sì dijú bí ẹni pé àdúrà náà ti bẹ̀rẹ̀. Àṣìṣe kékeré ni, wọ́n dárí rẹ̀ jì í. Ì bá sàn kí wọ́n bá a wí. Àṣìṣe tí a kò bá tọ́ sọ́nà nígbà tó kéré, ìwà ni í dà.

Ní èdè wa, oúnjẹ tòótọ́ ni ohun tí ọkọ́ bá hú jáde nínú ilẹ̀: kókò, ẹ̀gẹ́, iṣu, ànàmọ́. Ẹja àti ewébẹ̀ jẹ́ ọbẹ̀ rẹ̀. Ohun yòówù tó bá ti ṣọ́ọ̀bù wá, tí ife tíì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a kì í pè é ní jíjẹ. Mímu tíì ni à ń pè é. Bí gbogbo wa ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ pé àpèlé lásán ni. Ohun tí eyín bá rún, mímu kọ́ ni. Apakuki nìkan ló gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ bí ẹni gba Ìwé Mímọ́ gbọ́.

Ìjì ti ṣí òrùlé rẹ̀ lọ sínú òkun. Òun, Ulamila ìyàwó rẹ̀, àti Vasiti ọmọ wọn ń sùn nínú ilé ìdáná ẹ̀gbọ́n Ulamila, lábẹ́ tapólì tí òjò ń bá sọ̀rọ̀ lóru. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọ́n fi lè kọ́ ilé padà ni iṣẹ́ kíká èso ní Australia. Olórí abúlé ni yóò yan àwọn tí yóò lọ, lẹ́yìn tí nọ́ọ̀sì bá ti yẹ̀ wọ́n wò. Gbogbo ènìyàn ló gbà pé Apakuki ni ipò náà tọ́ sí, nítorí òrùlé tí kò ní. Ara rẹ̀ nìkan ló kù kó gbà.

Nọ́ọ̀sì Akanisi gbé e sórí ìwọ̀n, ó wò ó, ó tún un wò.

"Bàbá Vasiti, ẹ̀jẹ̀ yín ga, ẹ sì ti sanra jù. Bí ẹ bá fẹ́ bá wọn lọ, ẹ dín oúnjẹ kù, kí ẹ sì máa rìn."

"Oúnjẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, oúnjẹ."

"Ìyẹn ò le," ni Apakuki wí, ó sì fi àyà síwájú lọ sílé.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, Ulamila gbé kókò sísè síwájú rẹ̀, pẹ̀lú ẹja àti ewébẹ̀ tí wọ́n fi omi àgbọn sè. Ó fi ọwọ́ tì í.

"Gbé e kúrò. Nọ́ọ̀sì ní n má jẹun mọ́."

"Ṣé ó ní kẹ́ ẹ má jẹ ẹ́, àbí ó ní kẹ́ ẹ dín in kù?"

"Ìwọ lo wà níbẹ̀ ni? Bu tíì fún mi."

Ó bù ú. Tíì kì í sì í dá rìn nílé Apakuki: búrẹ́dì ló ń sìn ín, bọ́tà gun búrẹ́dì, ṣúgà gun bọ́tà. Nígbà tó jẹ odindi kan tán, ó pa ọwọ́ pọ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún un ní agbára láti sùn láìjẹun.

Báyìí ni ọkùnrin yìí ṣe gbógun ti ọ̀rá. Kókò di èèwọ̀, ẹ̀gẹ́ di ọ̀tá. Ó mu tíì òwúrọ̀ pẹ̀lú babakau, tíì ìyálẹ̀ta pẹ̀lú bísíkíìtì, tíì ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú roti, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n yan nínú agbada. Ní ti núdùsì, ó ronú lé e lórí dáadáa kó tó dájọ́: omi ló pọ̀ nínú rẹ̀, ohun tí omi bá sì pọ̀ nínú rẹ̀, mímu ni. Nígbà tó jẹ́ pé kì í jẹ oúnjẹ oko mọ́, kò rí ìdí tí òun yóò fi máa lọ sóko. Ulamila ló ń gun òkè lọ hú ẹ̀gẹ́, òun ló ń fi èjìká gbé àpò náà sọ̀ kalẹ̀.

Ó ń rìn o, kí a má purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ìkòkò bá ń hó nílé gbogbo ni ó máa ń jáde. Ẹni tó bá kọjá lẹ́nu ọ̀nà nígbà náà, dandan ni kí wọ́n pè é: "Ẹ wá mu tíì o!" Ọmọlúàbí yóò dáhùn pé, "Ẹ ṣeun, ó ti tó," yóò sì máa lọ. Bí wọ́n bá ti pe Apakuki, ó ti bọ́ sálúbàtà. Láti ìpẹ̀kun abúlé kan dé èkejì, kò fo ilé kankan. Ìyẹn ni ó ń pè ní eré ìmárale.

Sireli, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, ni tavale rẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ tavale ẹni lè búni bó ti wù ú, a kò sì gbọdọ̀ bínú. Sireli kò fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ ṣòfò.

"Tavale, ṣé òótọ́ ni pé ò ń gbààwẹ̀?"

"Oúnjẹ ò kan ẹnu mi láti ọjọ́ yìí."

"Mo rí i. Ikùn rẹ ti kí mi kí ìwọ fúnra rẹ tó dé."

"Afẹ́fẹ́ ni. Ẹni tí kò bá jẹun, afẹ́fẹ́ ni í kún inú rẹ̀."

"Afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi bọ́tà pa! Máa bá a lọ. Ìgbà tó o bá fi máa gbààwẹ̀ yìí tán, ọkọ̀ akẹ́rù ni wọn ó fi kó ẹ lọ sí Australia."

Nígbà tó padà sórí ìwọ̀n, ó ti wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ní ìwọ̀n náà ti bàjẹ́. Nọ́ọ̀sì gùn ún fúnra rẹ̀, kò bàjẹ́.

"Bàbá Vasiti, kí lẹ jẹ láàárọ̀ yìí?"

"Mi ò jẹ nǹkan kan."

"Lánàá ńkọ́?"

"Mi ò jẹun lánàá. Ẹ bi ìyá Vasiti."

Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù pé àìsàn mìíràn ni. Ọmọ ilẹ̀ wa ni òun náà. Ojú rẹ̀ là lójijì.

"Kí lẹ fi mu tíì?"

"Búrẹ́dì."

"Mélòó?"

"Odindi kan ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé tíì kì í dá rìn."

Àwọn tó ń dúró lórí bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Akanisi kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kókò díẹ̀, ẹja àti ewébẹ̀ kò lè pa á. Kí ó padà sí oúnjẹ oko, kí ó bu ìwọ̀nba, kí ó sì mu tíì lásán. Àkókò ṣì wà.

Àkókò wà lóòótọ́, ọgbọ́n ni kò sí. Nígbà tí Ulamila gbé ife tíì lásán kalẹ̀ fún un, ó wò ó bí ẹni pé wọ́n bọ́ òun síhòòhò láàárín ọjà.

"Tíì ìhòòhò? Kí ni mo ṣe fún ẹ, ìyá Vasiti? Ṣé mi ò ní ìyàwó ni? Kí ni àlejò máa wí?"

"Àlejò wo ló ń bọ̀ lábẹ́ tapólì? Bàbá Vasiti, òrùlé ni mò ń wá."

"Tó o bá ń wá òrùlé, bọ́ ẹni tó máa kọ́ ọ."

Ó sì dìde, ó gba ṣọ́ọ̀bù lọ. Ẹni tó ń tan ara rẹ̀ ni òrìṣà òkè ń tàn.

Ọjọ́ yíyan àwọn tí yóò lọ pé. Lórí pápá rugby, wọ́n ní kí olúkúlùkù gbé àpò ẹ̀gẹ́ lé èjìká, kí ó sáré yí pápá po. Apakuki bẹ̀rẹ̀ bí akọni. Nígbà tó dé ìdí òpó góòlù òdìkejì, ó gbé àpò náà sílẹ̀, ó jókòó lé e lórí, ó ń mí bí ẹja tí wọ́n jù sí etíkun.

Olórí abúlé ké sí i láti ọ̀nà jíjìn. "Apakuki! Ṣé kí wọ́n gbé tíì wá?"

Ulamila, tó wà láàárín àwọn obìnrin tó ń wòran, rìn lọ bá a. "Ẹ dìde lórí ẹ̀gẹ́ mi." Ó dìde. Obìnrin náà gbé àpò lé èjìká, bó ti ń gbé e sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè lójoojúmọ́, ó sì sáré yí ohun tó kù. Orúkọ rẹ̀ ni olórí abúlé pè.

Ọkọ rẹ̀ kò bèèrè ìgbà tí yóò padà, kò bèèrè ẹni tí yóò tọ́jú Vasiti. Níṣojú gbogbo abúlé, ó ní, "Ta ni yóò wá máa po tíì fún mi?"

Ulamila lọ. Òun ló rán páànù àti sìmẹ́ńtì wálé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti Sireli sì bá a kọ́ ilé náà. Ibẹ̀ ni Vasiti ń gbé pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Apakuki ń bá ìrìn rẹ̀ lọ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà, títí àwọn ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn kí wọ́n tó gbé ìkòkò kalẹ̀. Kí wọ́n tó kan páànù, ó ti wọ bọ́ọ̀sì. Nígbà tí a gbọ́ ìròyìn rẹ̀ kẹ́yìn, ó wà ní ìlú Labasa, nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó wà lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn, ó ṣì ń mu tíì.