Ọsàn tí a bó fún òyìnbó

Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, kò sẹ́ni tó lè bá mi bó ọsàn. Tí mo bá ti ọ̀bẹ bọ ọ́ ní Apòmù, èèpo rẹ̀ kì í já títí yóò fi dé odò Aṣéjírè. Ẹni tí kò bá gbà gbọ́, kó lọ bi àwọn ẹja ibẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ló ni oko ọsàn. Kòkó ni gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ gbìn, wọ́n sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, torí ìdí igi ni ọ̀pọ̀ ọsàn ń rà sí. Ta ni yóò rà á nígbà tí kálukú ní tiẹ̀ lẹ́yìnkùlé? Lọ́dún kan, akọ̀wé kan wá láti ilé ìtajà ńlá kan ní Ìbàdàn, níbi tí àwọn òyìnbó ti ń ra oúnjẹ. Ó tọ́ ọsàn wò, ó ní ká kó apẹ̀rẹ̀ márùn-ún wá ní Sátidé. Bí ọ̀gá òun bá fẹ́ ẹ, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọn yóò máa gbà á. Ẹ̀gbọ́n mi ní bí èyí náà bá bọ́ lọ́wọ́ òun, òun á gé gbogbo igi náà, òun á gbin kòkó.

Èmi tí mo ka ìwé mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe agbani-nímọ̀ràn. Mo ní ta ló ń gbé ọsàn tòun tèèpo fún oníbàárà, bí ẹni tó fojú di í? Ní gáréèjì wa, bíbó la ń bó o fún èrò ọkọ̀. Mo fi kún un pé mo ti rí ìyàwó òyìnbó kan tó ń fi ayùn rẹ́ ọsàn. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n àánú obìnrin náà ṣe wọ́n.

Bí ilẹ̀ Sátidé ṣe mọ́, gbogbo ilé jókòó, a bó apẹ̀rẹ̀ márààrún. Òórùn èèpo yẹn ṣì wà nímú mi dòní. Ṣùgbọ́n kí lọ́rì tó kọjá Ìkirè, eruku ti kun ọsàn. Ká tó dé Ìbàdàn, eṣinṣin ti mọ̀ wá tẹbítẹbí.

Akọ̀wé ṣí ewé tí a fi bò ó. Ó wò ó, ó wò wá.

"Bàbá, ọ̀sẹ̀ kan ló yẹ kí nǹkan yìí lò lórí pẹpẹ. Èèpo tẹ́ ẹ bó dànù yẹn ló ń tọ́jú ẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ọmọ tó lè bí. "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ẹ fún wa ní Sátidé kan sí i."

Ojú ti akọ̀wé, ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré.

Nígbà tí a délé, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kí mi káàbọ̀. "Ọkọ mi, nínú ìwé mẹ́ta tẹ́ ẹ kà, ṣé kò sí ọsàn nínú ọ̀kan ni?"

Ní Sátidé kejì, ẹ̀gbọ́n mi kó gbogbo ọ̀bẹ ilé sínú àpò, ó jókòó lé e títí lọ́rì fi dé. Kò sóhun tí wọ́n máa fi gé iṣu, gààrì la mu. Nínú lọ́rì, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó ní èékánná mi gùn.

Wọ́n gbà á. Akọ̀wé mú wa wọlé, a bá ọsàn wa tí wọ́n tò sábẹ́ iná mànàmáná, bí ọmọ iléèwé lórí ìlà. Ẹ̀gbọ́n mi dúró níwájú àwọn ọsàn náà, ó pẹ́. Ó ṣí fìlà.

Ó rọra sọ fún wọn pé, "Ẹ kú ìjókòó o."