Bíréèkì Tuntun Tó Wà Nínú Kọ̀ǹpútà

Ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà dé iléeṣẹ́ bàlúù kékeré tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Alákíà, mánijà bò ó láṣọ bí ìyàwó tuntun, ó sì pe pásítọ̀ kó wá ta òróró sí i. Èmi tí wọ́n gbà láti máa fi í ṣètò àtúnṣe bàlúù kò rí ohun tó burú nínú àdúrà. Àṣẹ tó tẹ̀ lé e ni mi ò fara mọ́: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ "kò sí" sínú rẹ̀, torí ẹnu la fi ń pe ire.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kí ó mọ ohun tí kò sí gan-an ni iṣẹ́ ẹ̀rọ náà. Ó so sítọ̀, àwọn ẹnjiníà àti ọjọ́ ìrìnàjò pọ̀. Bí ohun èlò kan kò bá sí ní sítọ̀, yóò sún àtúnṣe síwájú. Ẹ̀rọ tí a kò lè sọ àìní fún kò sàn ju àpótí lọ.

"Sà, bíréèkì bàlúù tí a ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ kò tíì dé," ni mo sọ fún mánijà lọ́jọ́ kan.

"Kọ ọ́ pé ó ti dé. Ṣé o ò nígbàgbọ́ ni?"

Bàbá Ràímì, olùtọ́jú sítọ̀, ará Ìyànà Ọ̀fà, rọra béèrè pé, "Ọ̀gá, ṣé ìgbàgbọ́ ló máa dá bàlúù dúró tó bá balẹ̀?"

Mánijà fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ "ó ti dé" sínú ẹ̀rọ náà. Kọ̀ǹpútà gbà á gbọ́, ó dá ọjọ́ àtúnṣe, àwọn ẹnjiníà sì tú bàlúù. Wọ́n yọ bíréèkì tó ti jẹ tán. Òmíràn kò sí láti fi rọ́pò rẹ̀. Àwọn èrò sì ń bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

"Ẹ dá ti àtijọ́ padà," ni mánijà wí. "Á ṣì gbé wọn lọ, á gbé wọn bọ̀."

Mo rò ó wò: bí mo bá bá a jiyàn, òun ló máa borí. Mo bẹ Bàbá Ràímì kí wọ́n ti bíréèkì tó ti jẹ náà mọ́ sítọ̀, kí wọ́n "gbàgbé" kọ́kọ́rọ́ sílé.

Láàárọ̀, mánijà já wọlé. "Bíréèkì àtijọ́ dà?"

"Kò sí nínú kọ̀ǹpútà, sà," ni mo dáhùn. "Tuntun ló wà níbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n gbé e wá."

Bàbá Ràímì fi fìlà bo ẹnu. "Ẹ sáà gbà á gbọ́, Ọ̀gá. Kẹ́yin náà sì bá àwọn èrò wọ bàlúù."

Bàlúù kò gbéra. Wọ́n lé mi lọ lọ́jọ́ náà.

Nígbà tó pẹ́, Bàbá Ràímì yà kí mi nílé mi ní Olódò. Bàbá ní bàlúù ṣì wà lórí jáàkì tí wọ́n fi gbé e sókè, ewúrẹ́ ń sá òjò sábẹ́ ìyẹ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò lè béèrè bíréèkì lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á mọ́, torí kọ̀ǹpútà ní ó ti dé.

"Kí ni kọ̀ǹpútà wá sọ nípa bàlúù, Bàbá?"

"Ó ní ó ti fò lọ, ó sì ti fò bọ̀."