Wá Jẹun

Ọ̀rọ̀ méjì péré ló ń já Adépọ̀jù láyà: "Wá jẹun."

Ọmọ Oǹdó ni, ọmọ ọdún méjìlélógún. Òun ló ń gé ìwé nílé ìtẹ̀wé tí a ti jọ ń ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́, kò sì sẹ́ni tó lè gé e tó bẹ́ẹ̀. Dókítà ní ọ́tísìmù ni wọ́n bí mọ́ ọn: ọpọlọ rẹ̀ ń gba nǹkan lọ́nà tirẹ̀. Bí ẹ bá ṣe sọ̀rọ̀ gẹ́lẹ́ ni yóò ṣe gbà á.

Lọ́sẹ̀ tó dé, Ọláwuyì tó ń tẹ ìwé ṣí abọ́ ìrẹsì rẹ̀, ó ní, "Adépọ̀jù, wá jẹun." Ta ni kò mọ èsì rẹ̀? "Á gba ibi ire" ni, kálukú á bá tirẹ̀ lọ. Adépọ̀jù lọ fọwọ́, ó jókòó, ó gbé ẹran. Ẹ̀rín tí a rín lọ́jọ́ náà, kí Ọlọ́run dárí jì wá. Èmi Monílọ́lá rín in títí omi fi bọ́ lójú mi. Wájẹun ni wọ́n ń pè é látìgbà náà.

Ìyá rẹ̀, Tíṣà Agnes, ṣàlàyé fún un lórí fóònù. Àlàyé ọ̀hún ló wá dá kún ẹ̀rù: báwo ni yóò ṣe mọ èyí tó dénú yàtọ̀ sí ti ẹnu lásán? Bí aago bá ti ń lọ sí méjìlá tí a máa ń jẹun, á máa wo aago dípò abẹ ẹ̀rọ ìgéwé, á sì sá pa mọ́ sẹ́yìn òkìtì ìwé nínú yàrá tí a ń kó ìwé sí. Ibi iṣẹ́ rẹ̀ kẹta rèé. Bó bá tún sá kúrò níbí, yàrá ìyá rẹ̀ l'Óǹdó ló kù. Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Abẹ ẹ̀rọ yẹn kì í mọ ìka yàtọ̀ sí ìwé.

Ni mo bá se ẹ̀wà, mo mú ṣíbí méjì, mo lọ bá a níbi tó sá sí.

"Adépọ̀jù, wá jẹun. Ó dénú mi o. Ìdajì rẹ̀, tìrẹ ni."

Ó wò mí bí ẹni rí ejò. Ó tẹjú mọ́ ẹnu mi, bóyá ẹ̀rín ń bọ̀.

"Sìsítà, ẹ ti ilẹ̀kùn."

Mo tì í. Ó ń yára gbé ẹ̀wà mì, òógùn bò ó, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ilẹ̀kùn. Inú mi dùn, mo ti ń yin ara mi.

Ó jẹ ẹ́ tán pátá, ó gbé ṣíbí kalẹ̀.

"Ṣé mo ṣe é dáadáa lónìí?" ló bi mí. "Ebi ò pa mí rárá. Ẹ̀wà máa ń rú mi nínú. Mo rò pé tí mo bá kọ̀, ẹ máa rẹ́rìn-ín."