Bùláńkẹ́ẹ̀tì Lójú Fèrèsé Ṣẹ́ẹ̀dì

Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni mí, irin kì í bà mí lẹ́rù. Àmọ́ lọ́dún tí ọmọkùnrin mi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ idà nínú ṣẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìn ilé wa ní Adamstown nílùú òyìnbó níbí, gbogbo ohun tó bá ti mú ló ń já mi láyà. Mo kó ọ̀bẹ ìdáná pamọ́ sí ìsàlẹ̀ press, kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná, mo fi àpò ìrẹsì bò wọ́n mọ́lẹ̀. Àlùbọ́sà lásán, díẹ̀ ló kù kí n máa fi eyín gé e.

Ẹ má bi mí pé kí ló dé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ dàgbà ti fọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ọmọ náà ni tèmi ti panu mọ́. Kò lọ síléèwé mọ́, kò jẹun gidi. Bí mo bá bi í pé, "Ṣé kò sí nǹkan?", èsì rẹ̀ kò ju "I'm grand, Mum" lọ, pé dáadáa lòun wà. Grand! Ọmọ tí ṣòkòtò ń já bọ́ nídìí rẹ̀!

Ohun kan ṣoṣo tó ń là á lóhùn ni ọ̀rọ̀ àwọn sàmúráì, àwọn jagunjagun ilẹ̀ Japan láyé àtijọ́. Ó ní àwọn kan wà nínú wọn tó jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ló ń rọ idà. Ọwọ́ tó ń jagun náà ló ń di òòlù mú. Inú mi kọ́kọ́ dùn, mo ní ẹ̀jẹ̀ bàbá mi ló ń pè é. Àfi ìgbà tí arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì là mí lóye pé àwọn sàmúráì yìí kan náà, bí ojú bá tì wọ́n, ikùn ara wọn ni wọ́n ń fi idà là. Yéè! Èmi tí mo máa ń fi gbogbo ẹnu sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín! N kò jẹ́ sọ ọ́ mọ́ nínú ilé mi.

Ojoojúmọ́ ló ń lu irin náà. Bàbá mi a máa sọ pé bí alágbẹ̀dẹ bá ń lu irin lójú kan, ó lóhun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Kí ni ọmọ mi fẹ́ fà yọ? Ọlọ́run mi, kí ni?

Lọ́sàn-án Sátidé kan, mo ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé nígbà tí mo rí i pé ó ti fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo fèrèsé ṣẹ́ẹ̀dì. Òòlù kò dún mọ́. Mo kan ilẹ̀kùn, kò dáhùn. Ìta gbangba ni bàbá mi ti ń rọ irin, ẹni tó bá ń kọjá á kí i pé, "Àrọ́yè o!" N kò rí alágbẹ̀dẹ tó sé ara rẹ̀ mọ́ òkùnkùn rí láyé mi. Mo ké "Jéésù!", mo fi èjìká já ilẹ̀kùn.

Ìmọ́lẹ̀ ya wọlé. Ọmọ mi dúró ti iná, ó fi ẹ̀mú di idà kékeré kan tó pọ́n. Ó ta gìrì, ó ri idà náà bọ omi. Mo gbọ́ ọ tó ró kẹ́, ó ti sán.

"Mum! The dark!" Ó ṣàlàyé pé òkùnkùn ni wọ́n fi ń rí àwọ̀ iná lára irin dáadáa. Bí irin bá ti gbóná jù, omi á sán an. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é ní Japan.

Dráyà irun mi tí mo ti ń wá ló fi ń fẹ́ iná. Ọpọ́n tí mo fi wẹ̀ ẹ́ nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́ ló bu omi sí. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo bú sẹ́kún.

"Mo rò pé o ti…"

Ó gbé ẹ̀mú sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọmọ tí kì í fèsì ní Yorùbá dáhùn, "Mum, kì í ṣe tòní."

Tòní. Tọ̀la ńkọ́?

Ó tún lọ mú irin mìíràn ní kọ̀rọ̀. Mo dìde, mo ti ilẹ̀kùn, mo ta bùláńkẹ́ẹ̀tì náà dáadáa kí ìmọ́lẹ̀ má ráyè. Mo gba dráyà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ń fẹ́ iná náà bí mo ṣe ń fẹ́ ẹwìrì fún bàbá mi.

"Máa rọ ọ́," mo ní. "N ò jáde níbí."