Lẹ́tà Tó Ń Pẹ́ Jáde

Nígbà tí àìsàn dá màmá kan tó ń jẹ́ Agatha dúró sílé ní Iyere, ọmọ rẹ̀ Gbọ́lá, akọ̀wé ìjọba ní Ọ̀wọ̀ tó tún mọ ètò kọ̀ǹpútà ṣe, ń gbé kọ̀ǹpútà lọ bá a ní gbogbo Sátidé, kó lè tẹ ìtàn ayé rẹ̀ sílẹ̀.

Kò sí lẹ́tà Yorùbá tó ní àmì, bí ẹ̀ àti ọ́, lórí kíbọọ̀dù rẹ̀. Ó ní láti tẹ ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ tí kọ̀ǹpútà fi mọ lẹ́tà tó ń wá, kí kọ̀ǹpútà bá a parí orúkọ náà, kó tó gbé lẹ́tà jáde. Ó máa ń pẹ́ gan-an. Màmá á máa dúró dè é.

"Gbọ́lá, kí ni mo ń sọ lẹ́ẹ̀kan?"

"Ẹ ń sọ̀rọ̀ ọdún tí ẹ dé Iyere, Màmá."

"Ó ti lọ lọ́kàn mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Gbọ́lá wọra. Nígbà tó délé, ó tú ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń gbé lẹ́tà jáde wò. Ó rí i pé gbogbo ìgbà tó bá tẹ nǹkan ni kọ̀ǹpútà ń ka orúkọ gbogbo lẹ́tà ayé láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó tún un ṣe, kó máa kà wọ́n lẹ́ẹ̀kan péré, kó sì fi wọ́n pamọ́.

Láti ìgbà náà, bí Màmá bá ti ń sọ ọ́ ni Gbọ́lá ń tẹ̀ ẹ́. Sátidé márùn-ún péré ni wọ́n rí lò kí Màmá tó kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Abigail, àbúrò Gbọ́lá, ka ìtàn tí Gbọ́lá tẹ̀ sílẹ̀ náà. Ibẹ̀ ló ti mọ̀ pé ìyá wọn fẹsẹ̀ rìn láti Ute, níbi tó ń gbé nígbà náà, dé ilé ìwòsàn ní Ọ̀wọ̀ nígbà tó fẹ́ bí òun. Ó jókòó, ó sunkún.